Ẹ Wò Dáadáa Kí Ẹ Tó Kọ Orúkọ

Níjọ́sí, èmi ni wọ́n ní kí n kọ orúkọ àwọn aláriwo ní kíláàsì wa, SS2. Orúkọ mọ́kànlá ni mo kọ. Gbogbo wọn ló kúnlẹ̀ títí agogo fi lù. Ọmọbìnrin kan nínú wọn, tó máa ń jókòó lẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó máa lanu, ó ní, "Ṣé o gbọ́ nǹkan tí mò ń sọ kó o tó kọ mí sílẹ̀?" N ò gbọ́ ọ. Ẹnu rẹ̀ tó ń mì ni mo rí.

Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ olùdámọ̀ràn wa, tí wọ́n sì yá mi ní ìwé sàìkọ́lọ́jì kan. Ìwé náà tóbi, n ò tíì kà á tán, ẹ má bi mí léèrè apá tó kù o. Ṣùgbọ́n mo ka ibi tó ti sọ̀rọ̀ nípa àkíyèsí gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà ìwádìí.

Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Mary Ainsworth. Ní 1954, obìnrin yìí wà ní Uganda, ó ń wo bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń fà mọ́ ìyá rẹ̀, láwọn abúlé tó wà nítòsí Kampala. Ìdílé 26 ló yàn. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ló ń lọ sílé kọ̀ọ̀kan, òun àti ògbufọ̀, á jókòó sí pálọ̀ tí wọ́n ti ń gba àlejò lọ́sàn-án, á lo wákàtí méjì. Ó ń ṣe èyí títí di oṣù mẹ́sàn-án. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ló ń tọ́jú: ta ni ọmọ ń rá tẹ̀ lé, ìgbà wo ló sunkún, kí ló mú un dákẹ́. Àwọn ọmọ kan wà tó ń sunkún ṣáá, kódà bí ìyá wọn gbé wọn mọ́ra. Ká ní ẹ̀ẹ̀kan péré ló yà síbẹ̀, ṣebí àkẹ́bàjẹ́ ni ì bá pè wọ́n! Ṣùgbọ́n ó pẹ́ níbẹ̀ débi tó fi rí i pé àwọn ìyá tó lè sọ gbogbo kúlẹ̀kúlẹ̀ nípa ọmọ wọn, àwọn gan-an lọ́kàn ọmọ wọn máa ń balẹ̀. Ìwé tó kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1967.

Ni mo bá dán an wò. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, mo lọ jókòó sẹ́yìn nígbà ìṣirò. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, mo ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, láìkọ orúkọ. Mo rò ó pé kí n fi pamọ́ fún wọn, ṣùgbọ́n ìyẹn ti di iṣẹ́ amí, àbí? Mo sọ fún wọn. Kẹ́kẹ́ bá pa! Lọ́jọ́ kìíní àti ìkejì, bí ẹni pé áńgẹ́lì ló wà ní kíláàsì. Ibẹ̀ ló ti yé mi ìdí tí èèyàn fi ń lo oṣù mẹ́sàn-án. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ti gbàgbé mi.

Oòrùn ni mo rí. Bó bá ti wọlé láti fèrèsé, pátákó á máa dán, àwọn tó wà ní igun yẹn ò ní rí nǹkan kan kà. Wọ́n á wá máa bi ara wọn, "Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn?" Èyí tó pọ̀ jù nínú ariwo wọn nìyẹn. Ìyókù, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni, n ò ní parọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé èrò pọ̀ ní kíláàsì, kò sí àyè pé kẹ́ ẹ máa jókòó wo ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n àwa tẹ́ ẹ ń rán níṣẹ́ náà lè wò ó fún yín. Ẹ jẹ́ ká máa kọ àkókò, igun tí ariwo ti wá, àti ohun tá a gbọ́, kẹ́ ẹ sì kà á lópin ọ̀sẹ̀ kẹ́nikẹ́ni tó kúnlẹ̀. Bẹ́ ẹ bá sì lè bá wa wá aṣọ fèrèsé, á dáa.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀, èmi ni iṣẹ́ tún kàn. Ìwé tí mo ti fa ìlà sí ni màá gbé wá. Bí wọ́n bá béèrè orúkọ lọ́wọ́ mi, màá dọ̀bálẹ̀, màá sì sọ pé n ò kọ ọ̀kankan.