Bọ́ọ̀sì nìkan kò lè da ọmọ olówó pọ̀ mọ́ ọmọ mẹ̀kúnnù

Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ ní Bárúwà, ní agbègbè Ìpàjà ní Alímọ́ṣọ́, ọmọ Yorùbá, ọmọ Ìgbò, ọmọ Ẹ̀gùn àti ọmọ Hausa ló jọ ń rìn lójú títì kan náà. Àmọ́ bí wọ́n bá dé ìkóríta, kálukú a yà síbi tí agbára òbí rẹ̀ mọ. Ọmọ ẹni tó lówó a wọ ọkọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, ọmọ ẹni tí kò ní a fẹsẹ̀ rìn lọ sí tìjọba. Ìdí rèé tí ìbéèrè tó ti ń dá awuyewuye sílẹ̀ lókè òkun láti ọjọ́ pípẹ́ fi kàn wá: ṣé ó yẹ kí ìjọba tún ààlà tó fi ń pín ọmọ sí ilé-ẹ̀kọ́ yà, kó sì máa fi bọ́ọ̀sì gbé wọn, kí ọmọ oríṣiríṣi ènìyàn lè jókòó pọ̀?

Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1954 ni ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé kò tọ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú dá yàtọ̀ sí ti aláwọ̀ funfun. Ní 1971, ilé-ẹjọ́ náà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi bọ́ọ̀sì kó ọmọ láti àdúgbò kan sí òmíràn ní Charlotte. Nígbà tí wọ́n gbé e dé Boston ní 1974, òkò ni wọ́n fi pàdé bọ́ọ̀sì tó kó ọmọ aláwọ̀ dúdú. Ọdún yẹn kan náà ni ilé-ẹjọ́ sọ, nínú ẹjọ́ ti Detroit, pé a kò lè fipá mú àwọn ìlú kéékèèké tó yí i ká láti kópa. Ọ̀pọ̀ òbí tó rọ́wọ́ mú kàn kẹ́rù wọn ni, wọ́n kọjá sí òdìkejì ààlà.

Èkó náà ti gbìyànjú ẹ̀ rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà mìíràn ló gbà. Ẹ̀yin àgbà yóò rántí ilé-ẹ̀kọ́ Jákàńdè. Ní 1980, ìjọba Alhaji Lateef Jákàńdè pàṣẹ pé kí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni kásẹ̀ nílẹ̀, kí gbogbo ọmọ máa lọ sí ti ìjọba. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Olubunmi Okogie àti àwọn mìíràn gba ilé-ẹjọ́ lọ, ìjọba kò sì rí àṣẹ náà mú ṣẹ.

Ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ló yẹ kí a fara balẹ̀ wò. Ògbẹ́ni Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, tí àwọn ará Alímọ́ṣọ́ mọ̀ dáadáa nítorí ọ̀dọ̀ wọn ló ti fẹsẹ̀ ìṣèlú múlẹ̀, di gómìnà Ọ̀ṣun ní oṣù kọkànlá 2010. Ìjọba rẹ̀ tú ètò ilé-ẹ̀kọ́ palẹ̀, ó sì tún un tò. Wọ́n da ilé-ẹ̀kọ́ kan pọ̀ mọ́ òmíràn, wọ́n ní aṣọ kan ṣoṣo ni kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ máa wọ̀, ilé-ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin nìkan di ti takọtabo. Ní oṣù kẹwàá 2013, ìfẹ̀hónúhàn bẹ́ sílẹ̀ ní Baptist Girls' High School, Òṣogbo. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ló dá a sílẹ̀, wọn kò sì fẹ́ kí orúkọ àti ìṣe rẹ̀ pa rẹ́. Ní Baptist High School, Ìwó, ọ̀rọ̀ híjáàbù ló dá wàhálà sílẹ̀ ní 2014. Nígbà tí ilé-ẹjọ́ gíga dájọ́ ní oṣù kẹfà 2016 pé ọmọbìnrin Mùsùlùmí lẹ́tọ̀ọ́ láti lò ó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kìrìsìtẹ́nì kan wọ aṣọ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wá sí kíláàsì. Ní ilẹ̀ Yorùbá tí ọmọ ìyá méjì ti lè jẹ́ lèmọ́mù àti pásítọ̀! Ìjà ta ló ni ilé-ẹ̀kọ́ ni àwọn àgbà ń jà, ọmọ ni wọ́n fi síwájú. Ní 2020, Gómìnà Gbóyèga Oyètọ́lá yí ọ̀pọ̀ nínú ètò náà padà.

Ní Bárúwà ńkọ́? Ní ti ẹ̀yà, a kò nílò bọ́ọ̀sì kankan. Owó ni ààlà. Ètò ìkànìyàn 2006 ní ènìyàn 1,277,714 ló wà ní Alímọ́ṣọ́. Ìjọba Èkó ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé ó ju mílíọ̀nù méjì lọ. Èyí ó wù kó jẹ́, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kò tó wọn. Nígbà tí ìjọba Èkó ka ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ní 2010 sí 2011, ó lé ní 12,000, ó sì ju ìdajì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìpínlẹ̀ náà lọ tó wà nínú wọn. Gbogbo wọn kọ́ ni ọmọ olówó. Ọmọ alátẹ, ọmọ télọ̀ àti ọmọ awakọ̀ dánfó ń lọ sí èyí tí wọ́n fi yàrá ilé gbígbé ṣe.

Alímọ́ṣọ́, Agége àti Ifákò-Ìjàyè wà ní ẹkùn ètò ẹ̀kọ́ kan náà, nítorí náà lórí ìwé, ó rọrùn láti kó ọmọ Bárúwà lọ sí Agége. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìyànà Ìpàjà bá ti fi ojú wọn rí màbo, ọmọ mẹ̀kúnnù bíi tiwọn náà ni wọn yóò bá níbẹ̀.

Ibi tí olówó àti tálákà ti jọ ń du àyè kan náà ni Model College tó wà ní Mẹ́ìrán, ọ̀kan lára márùn-ún tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní 1988. Ìdánwò ni wọ́n fi ń wọ ibẹ̀, ọmọ tí òbí rẹ̀ rówó san fún lẹ́sìn ló sì sáàbà máa ń gba iwájú. Bó tilẹ̀ yege, owó ilé ìgbé ń dúró dè é: láti 35,000 náírà ni ìjọba ti gbé e lọ sí 100,000 ní táàmù kan ní 2023. Lérò tèmi, bí ìjọba bá fẹ́ da ọmọ pọ̀ lóòótọ́, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀, kó ya àyè sọ́tọ̀ fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, kó sì bá òbí tí kò ní san owó náà. Àwọn tó ti náwó sórí lẹ́sìn yóò pariwo. Kí wọ́n pe àwọn náà jókòó kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé, nítorí ohun tí wọn kò ṣe tó ní Òṣogbo nìyẹn.