Ìdáhùn sí Àwọn Ọlọ́lá Méjì lórí Ọ̀rọ̀ Oúnjẹ Ìbílẹ̀

Nínú ìwé ìròyìn wa ti oṣù tí ó kọjá, àwọn ọlọ́lá méjì nínú ẹgbẹ́ yìí kọ̀wé lórí oúnjẹ tí ó yẹ kí a gbé kalẹ̀ níwájú àwọn ọba àti ìjòyè wa níbi àsè ọdọọdún tí ń bọ̀. Ẹni èkínní dá àbá pé kí a má ṣe jẹ́ kí gàrí, láfún, ẹ̀kọ, tàbí ohunkóhun tí a fi gbágùúdá àti àgbàdo ṣe, kan àwo ní ọjọ́ náà, nítorí pé àlejò ni wọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹni èkejì ní kí a gbàgbé oúnjẹ òkèlè pátápátá, kí a bẹ alásè kí ó wá se ìrẹsì àti sàláàdì fún wa, nítorí pé oúnjẹ àwọn baba wa a máa kún inú ni, kì í tún ara ṣe. Ní ìpàdé tí ń bọ̀ ni a ó dìbò. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni nínú wọn ṣọ̀tá. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà èwe. Ṣùgbọ́n mo gbà pé àwọn méjèèjì ti ṣìnà, àti pé bí a bá tẹ̀lé èyíkéyìí nínú wọn, ọwọ́ ara wa ni a ó fi pa ohun tí a tìtorí rẹ̀ dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti ẹni èkínní, nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń pàtẹ́wọ́ fún. Ó fi òwe àwọn àgbà ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn: iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ó ní kí a wo bí àwọn baba wa ti fi iyán ṣe olórí. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó ka òwe náà dé òpin. Ẹ̀kọ wà nínú rẹ̀, gúgúrú wà nínú rẹ̀, àgbàdo sì ni a fi ń ṣe àwọn méjèèjì. Àwọn àgbà tí ó pa òwe yìí ti jẹ àgbàdo pẹ́, wọ́n ti mọ ipò rẹ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ti fún un ní àyè tirẹ̀ bí a ti ń fún ìyàwó àfẹ́kẹ́yìn ní àyè nínú agbo ilé. Wọn kò lé e jáde.

A kò jiyàn pé láti Amẹ́ríkà ni àgbàdo, gbágùúdá, ẹ̀pà, ọ̀dùnkún, tòmátì àti ata ti wá. Lẹ́yìn tí Columbus ti dé ọ̀hún ní 1492 ni àwọn ọkọ̀ òyìnbó, pàápàá ti Potogí, bẹ̀rẹ̀ sí kó wọn wá sí etí òkun Áfíríkà. Ní ti gàrí, àwọn Àgùdà tí ó darí dé láti Bràsíl ní ọ̀rúndún 19 wà lára àwọn tí ó tan iṣẹ́ rẹ̀ kálẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́lá náà bá fẹ́ fi ibi tí irúgbìn ti wá ṣe ìdájọ́, kí ó má ṣe dúró ní àárín ọ̀nà. Láti Éṣíà ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti wá. Láti Éṣíà ni iṣu ewùrà ti wá, òun sì ni àwọn Ìjẹ̀bú fi ń ṣe ìkọ́kọrẹ́. Èmi yóò fẹ́ kí ó dìde níwájú àwọn ìjòyè Ìjẹ̀bú tí ó wà láàárín wa, kí ó sọ fún wọn pé ìkọ́kọrẹ́ kì í ṣe oúnjẹ wọn. Èmi yóò ti wà nítòsí ilẹ̀kùn ní tèmi. Ìrẹsì Ọ̀fadà, tí ó gba orúkọ lọ́wọ́ ìlú Ọ̀fadà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí a ń fi ewé dì láti fi yẹ́ àlejò pàtàkì sí, púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ẹ̀yà ìrẹsì Éṣíà tí ó dà pọ̀ mọ́ ti Áfíríkà. Ata ńkọ́? Kí ata tó dé, iyèré àti ataare ni ó ń ta wá lẹ́nu. Ǹjẹ́ ọlọ́lá náà yóò jẹ ẹ̀fọ́ rírò tí kò ní ata ní ọjọ́ àsè? Bí mo ti mọ̀ ọ́n tó, yóò ti àwo náà sẹ́yìn ni.

Ó kù iṣu funfun, ẹ̀wà, ẹ̀gúsí, epo pupa àti irú. Mo bá a yọ̀ lórí àwọn wọ̀nyí. Ní 2019 àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ó yẹ ìran iṣu wò fi hàn pé agbègbè odò Ọya ni a ti sọ iṣu igbó di iṣu oko, ó sì tọ́ kí gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa mọ èyí ṣáájú kí wọ́n tó mọ orúkọ àwọn òkè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, iṣu kò gún ara rẹ̀ di iyán. Ọwọ́ ènìyàn ni, àti ọgbọ́n tí ọwọ́ náà gbà láti ọwọ́ mìíràn. Ẹ wo gbágùúdá tí ó ń pè ní àlejò. Májèlé wà nínú rẹ̀ bí a kò bá mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn ìyá wa ni ó rin ín, tí wọ́n fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nínú àpò títí omi búburú fi jáde, tí wọ́n jẹ́ kí ó kan, tí wọ́n kù ú, tí wọ́n sì yan án nínú agbada. Àwọn Ìjẹ̀bú fẹ́ ẹ kí ó kan gan-an, àwọn mìíràn kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá sọ ọ́ di láfún. Nígbà tí àwọn ènìyàn bá ti ṣe èyí sí irúgbìn kan láti ìran dé ìran, tí wọ́n ti fi orúkọ tiwọn sọ ọ́, tí wọ́n ti ń jà láàárín ara wọn lórí bí ó ti yẹ kí ó rí lẹ́nu, ilé wọn ni irúgbìn náà wà.

Bẹ́ẹ̀ ni ayé gbogbo sì ń ṣe. Àwọn ará Ítálì ń fi ọbẹ̀ tòmátì yangàn. Ní ìlú Chiang Mai ní àríwá ilẹ̀ Thailand, ọbẹ̀ kan wà tí wọ́n ń fi núdù sí, khao soi ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni ó sọ pé àwọn oníṣòwò Mùsùlùmí tí ó wá láti Yunnan ní Ṣáínà ni ó mú un dé ọ̀dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni gbé àbá dìde níbẹ̀ pé kí a yọ ọ́ kúrò nínú àsè. Ẹ sì wo òdìkejì rẹ̀. Àkàrà wa bá àwọn ẹrú kọjá òkun lọ sí Bahia, ó di acarajé, epo pupa ni wọ́n sì ń fi dín in títí di òní. Ní 2005 ìjọba Bràsíl kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin tí ń tà á sínú ìwé ohun ìní àjogúnbá orílẹ̀-èdè wọn. Bí a bá gba òfin ọlọ́lá wa, a gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò! Àwọn Àgùdà Èkó pẹ̀lú mú fùrẹ́jọ̀n wá fún wa, ẹ̀wà tí a fi omi àgbọn sè, tí a ń jẹ ní Ọjọ́ Ẹtì Rere. Ẹ̀wà wa ni, àgbọn etí òkun ni, orúkọ Potogí ni. Ta ni yóò pín in? Pétérù gbọ́ ohùn kan lórí òrùlé ní Jópà nígbà tí ebi ń pa á, nípa ohun tí kò gbọdọ̀ máa pè ní èèwọ̀ mọ́. Mo fi í sílẹ̀ fún ọlọ́lá náà láti lọ kà.

Mo yí sí ẹni èkejì. Òun kò bìkítà nípa ibi tí oúnjẹ ti wá; ọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó gbé wá, kò sì sí ìdílé kan ní Kétu tàbí Ìkòsí tí ó lè fi í ṣẹ̀sín. Ó ní òun rí ẹ̀bà tí ó tóbi bí orí ọmọdé, ọbẹ̀ tí ó ń ṣàn bí omi òjò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti ègé ẹran kan. Èmi náà ti rí i. Ṣùgbọ́n àwo òde òní ni ó ń dá lẹ́jọ́, ó sì ń fi ẹ̀sùn rẹ̀ kan àwọn baba wa. Níbo ni gbẹ̀gìrì wà lórí àwo náà? Níbo ni ẹ̀kuru, àdàlú àti ègbo ẹlẹ́wà wà? Ewédú ńkọ́, ṣọkọ ńkọ́, ẹja odò tí àwọn ará Àgbóyì ń pa? Àwọn ènìyàn tí ó ń jẹ ẹ̀wà ní ọ̀nà méje kò yẹ ní ẹni tí à ń sọ fún pé oúnjẹ wọn kò tún ara ṣe. Dáníẹ́lì kọ oúnjẹ ọba, ó ní kí a fún òun ní ẹ̀wà àti omi fún ọjọ́ mẹ́wàá, ojú rẹ̀ sì dán ju ti àwọn tí ó jẹ ẹran àárín ààfin. Ní ti ìrẹsì funfun tí ó fẹ́ fi rọ́pò, èyí tí a ti bó èèpo rẹ̀ dànù, n kò rí ohun tí ó fi sàn ju ẹ̀bà lọ fún alátọ̀gbẹ. Kí ó bi dókítà rẹ̀.

Wàyí o, ẹ bá mi dé ọjà Mile 12, tí kò jìnnà sí ibi tí a ti ń ṣe ìpàdé. Ẹ dúró ní ẹ̀bá títì ní òwúrọ̀ kùtùkùtù kí ẹ wo àwọn ọkọ̀ ńlá láti òkè Ọya bí wọ́n ti ń já apẹ̀rẹ̀ tòmátì, ata rodo, tàtàṣé àti àlùbọ́sà sílẹ̀ fún gbogbo Èkó. Ní 2016, nígbà tí kòkòrò Tuta absoluta jẹ oko tòmátì run ní Kàdúná àti àyíká rẹ̀, ariwo sọ ní ilé ìdáná gbogbo. Ní ìparí oṣù kejì ọdún 2021, lẹ́yìn ìjà ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn, àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù dá ọkọ̀ ẹrù dúró fún ọjọ́ mélòó kan, ata sì di góòlù. Mo mọ àwọn ìyàwó ilé, àwọn tí ó kàwé dáadáa, tí wọ́n sọ fún mi nígbà náà pé àwọn kò mọ ọbẹ̀ tí àwọn lè sè mọ́. Ìyá àgbà kan láti Àgbóyì fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ilá ni ó sè ní ọjọ́ náà, ó fi irú sí i, ó fọ́ ẹja gbígbẹ sí i, ó wọ́n iyèré lé e, a sì jẹ ẹ́ títí a fi gbàgbé tòmátì.

Irú yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ mi. Ní ọdún tí ó kọjá mo bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ń kọ́ ní iṣẹ́ olùkọ́, àwọn bí ogójì nínú iyàrá kan, pé ta ni ó mọ bí a ti ń ṣe irú. Ọwọ́ méjì ni ó nà sókè. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ní ilé-iṣẹ́ kan ni ó ń ṣe é. Àwọn wọ̀nyí ni yóò lọ kọ́ ọmọ yín. Wọn kò mọ̀ pé wóró náà a máa wà lórí iná láti àárọ̀ di alẹ́ kí èèpo rẹ̀ tó gbà; pé a ó tẹ̀ ẹ́, a ó ṣàn án nínú omi púpọ̀, a ó tún un sè, a ó sì fi ewé bò ó mọ́lẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó rùn, kí ó sì tó dùn. Mágí ni wọ́n mọ̀. Èmi pàápàá kò mọ́: mo ṣí àpótí ilé ìdáná mi wò kí n tó kọ ìwé yìí, mo bá páálí mágí mẹ́ta níbẹ̀, n kò sì bá irú rárá. Ẹnikẹ́ni kò dìbò lórí èyí rí. Ọ̀rá ti gba ipò ewé eéran lára ọ̀lẹ̀lẹ̀, inú ọ̀rá ni a sì ń sè é lórí iná, tí a ń fún àwọn ọmọ jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni láti inú èso ewé yìí kan náà ni àwọn onímọ̀ ti fa thaumatin jáde, ohun adùn tí ó dùn ju ṣúgà lọ ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí à ń tà ní ọjà àgbáyé. Àwa fi ewé náà sílẹ̀ nínú igbó, a ra ọ̀rá.

Èyí ni mo ní sí ọlọ́lá wa àkọ́kọ́: ó dúró pẹ̀lú kùmọ̀ ní ẹnu ọ̀nà iwájú láti lé gàrí, ẹni tí ó ti wà nínú ilé tipẹ́tipẹ́, nígbà tí irú, ewé àti ẹ̀kuru ń bá ẹ̀yìnkùlé lọ tí kò sì sí ẹni tí ó bi wọ́n ní ibi tí wọ́n ń lọ. Àbá ẹnìkejì rẹ̀ yóò kàn tún ẹ̀yìnkùlé náà ṣí gbayawu ni.

Nítorí náà mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin ọba wa, ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, kí ẹ fi ìbò yín kọ àbá méjèèjì. Dípò wọn, mo dá àbá pé kí a fi owó alásè lé àwọn obìnrin àdúgbò lọ́wọ́, ti Kétu, ti Ìkòsí, ti Àgbóyì, ti Ògùdù, kí ìran kọ̀ọ̀kan se èyí tí ó mọ̀ ọ́n sè jù lọ, ìbáà ṣe iyán, ìbáà ṣe ẹ̀bà, ìbáà ṣe ìkọ́kọrẹ́. Kí a sì fi ohun méjì péré lélẹ̀ ní òfin, pé irú ni a ó fi se ọbẹ̀ láìsí mágí, àti pé ewé ni a ó fi dì ohunkóhun tí a bá dì. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi wà níbẹ̀ láti ṣe ìránṣẹ́ fún wọn pẹ̀lú ìwé àti kálámù lọ́wọ́.

Ìyá kan ní Ìkòsí tí ó ṣì ń ṣe irú ti gbà pé kí n kó wọn wá wo iṣẹ́ òun ní Sátidé kejì oṣù tí ń bọ̀. Agogo mẹ́fà òwúrọ̀ ni a ó gbéra. Bí àwọn ọlọ́lá méjèèjì bá fẹ́ bá wa lọ, àyè wà nínú ọkọ̀. Kí wọ́n kàn má wọ aṣọ funfun.