Ìrànwọ́ Tí Wọ́n Fi Ìwọ̀n Oko Pín

Àwọn àgbà ní òjò kò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Bí àrùn Kòrónà ṣe pa àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 2020 nìyẹn. Ilé ìwé àti ilé oúnjẹ ti ilẹ̀kùn, ni àwọn tí ń sin màlúù bá ń da wàrà nù. Àìsàn mú òṣìṣẹ́ ilé ìpẹran ńláńlá, ẹlẹ́dẹ̀ tí ó ti tó tà kò rí ẹni rà á. Àgbẹ̀ ńlá pàdánù, àgbẹ̀ kékeré náà pàdánù.

Ìjọba kò káwọ́ gbera. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, wọ́n kéde 16 bílíọ̀nù dọ́là tí wọn yóò san fún àwọn àgbẹ̀ tààrà. Ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n tún kéde nǹkan bí 14 bílíọ̀nù lé e. A kò bu ẹnu àtẹ́ lu èyí. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ìjọba tí ó bá gba àgbẹ̀ là, ará ìlú ni ó gbà là.

Bí wọ́n ṣe pín in ni ẹjọ́ wa. Káńtì ni wọ́n ń pe irú ìjọba ìbílẹ̀ tiwa lọ́hùn-ún. Ọ́fíìsì ètò ọ̀gbìn tí ó ń bójú tó káńtì ni àgbẹ̀ ń mú fọ́ọ̀mù lọ, tí ó kọ iye éékà tàbí iye ẹran ọ̀sìn rẹ̀ sí. Nígbà tí wọ́n pín in lẹ́ẹ̀kejì, ẹni tí ó gbin àgbàdo tàbí ẹ̀wà sóyà kò ní gbà kúrò ní 15 dọ́là lórí éékà kan. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ní iye yìí, ẹni tí ó ní éékà 10 yóò gba 150 dọ́là; ẹni tí ó ní éékà 1,000 yóò gba 15,000. Òfin ní ẹnì kan kò gbọdọ̀ gbà ju 250,000 dọ́là lọ, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kékeré wo ni ìyẹn kàn?

Àwọn kan yóò ní ẹni tí ó pàdánù jù ni ó yẹ kí ó gbà jù. Wọn kò ṣàì jẹ́ òótọ́ díẹ̀: gbèsè irúgbìn, ajílẹ̀ àti katakata wà lọ́rùn ẹni tí oko rẹ̀ tóbi. Ṣùgbọ́n ó ní báńkì tí ó lè tọ̀ lọ, ó sì lè háyà akọ̀wé. 150 dọ́là kò lè gbé ẹnì kejì dé ìkórè mìíràn. Àwọn méjèèjì ni òjò pa. Ẹni tí ilé rẹ̀ tóbi ni wọ́n fún ní agbòjò ńlá.

Àwọn àgbẹ̀ adúláwọ̀ ni ó dùn jù. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé wọn kì í fi ojú kan náà wo àwọn àti aláwọ̀ funfun ní àwọn ọ́fíìsì wọ̀nyí. Ní 1999, ìjọba gbà láti san owó fún wọn lórí ẹjọ́ tí wọ́n pè nítorí ẹ̀yáwó tí a fi dù wọ́n. Ní 2021, Tom Vilsack, mínísítà ètò ọ̀gbìn ìgbà náà, sọ pé nínú owó ìrànwọ́ Kòrónà tí ó sún mọ́ 26 bílíọ̀nù dọ́là, 20.8 mílíọ̀nù péré ni ó kan àwọn adúláwọ̀. Kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún, bẹ́ẹ̀ wọ́n ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àgbẹ̀ lọ. Òfin tí ìbá pa gbèsè wọn rẹ́ ní ọdún náà, ilé ẹjọ́ dá a dúró. Ní 2022, wọ́n fagi lé e, wọ́n fi ètò mìíràn rọ́pò rẹ̀. Oko wọn kéré, ìrànwọ́ wọn kéré. Ìrànwọ́ wọn kéré, oko wọn tún ń kéré sí i.

Kí ni ó kàn wá níbẹ̀? Owó iṣu àti ẹ̀gẹ́ ni ó ń rán ọ̀pọ̀ nínú wa níwèé. Àwọn kan nínú wa ń kọ́ nípa iṣẹ́ ọ̀gbìn, àwọn kan ń kọ́ ìṣirò owó. Lọ́la, àwa ni a óò jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń pín irú owó bẹ́ẹ̀. Èrò wa ni pé kí iye kan wà tí gbogbo àgbẹ̀ yóò kọ́kọ́ gbà bákan náà, kí a tó fi ti oko ńlá lé e. Kí òṣìṣẹ́ sì lọ bá àgbẹ̀ kékeré lóko, kí ó má jókòó máa retí fọ́ọ̀mù. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìrànwọ́ ni a óò máa pè é, ẹni tí ó ti ní tẹ́lẹ̀ ni a óò sì máa fún.