Èébì Alátọ̀gbẹ Kì í Ṣe Ibà Lásán

 

Ọ̀rọ̀ oṣù yìí kò dùn ún sọ. Ọ̀kan nínú àwa alátà, tó ti ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlìn tipẹ́ nítorí àtọ̀gbẹ, bẹ̀rẹ̀ sí í bì lọ́jọ́ ọjà. Inú ń run ún, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Gbogbo wa ní ibà ni. Òun náà ní níwọ̀n ìgbà tóun ò jẹun, kí lòun fẹ́ fi ínsúlìn ṣe? Ó dá a dúró. Kẹ́míìsì kan fa omi sí i lára. Nígbà tí a máa fi gbé e dé ọsibítù lọ́jọ́ kejì, kò mọ ẹni tó ń pè é mọ́. Wọ́n gún un níka, wọ́n yẹ kítóònì inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò: ó ti lé ní 5.

Ínsúlìn ni kọ́kọ́rọ́ tí ṣúgà fi ń wọ inú ara. Bí kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù bá sọ nù, ọjà kún inú ṣọ́ọ̀bù, ebi sì ń pa ọlọ́jà, ṣebí ojú owó ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ? Bẹ́ẹ̀ ni ara ṣe ń jó ọ̀rá tirẹ̀. Kítóònì ló ń ti inú ọ̀rá yẹn jáde, bó bá sì pọ̀, ẹ̀jẹ̀ á kan bí omi ògì. Ó ń pa èèyàn.

Àwọn kan á ní, ṣé a ò lè fi ìtọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò ni? A lè ṣe é, ó sì sàn ju ká má ṣe nǹkan kan lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ní wákàtí mélòó kan sẹ́yìn ni ìtọ̀ ń sọ, kò sì rí kítóònì tó pọ̀ jù nínú àìsàn yìí. Ẹ̀jẹ̀ ń sọ ti ìsinsìnyí. Bí kò bá tó 0.6, kò séwu. Láti 1.5, ẹ tètè pe dókítà. Bó bá di 3, ọsibítù ni, lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ̀jẹ̀ ti kan. Ẹni tó sì ń bì, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, kó má dúró de ẹ̀rọ kankan. Ẹ má sì ní ṣúgà rẹ̀ ò ga púpọ̀. Kítóònì lè kún ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà. Kí ẹnikẹ́ni má sì dá ínsúlìn dúró nítorí pé kò jẹun, àyàfi bí dókítà bá sọ ọ́.

Ẹ̀rọ tí ẹgbẹ́ wa ní, ṣúgà nìkan ló ń kà. A fẹ́ kí ẹgbẹ́ ra èyí tó ń ka kítóònì, pẹ̀lú pépà tirẹ̀, torí pépà ṣúgà kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Pépà náà wọ́n, ó sì ń bàjẹ́, nítorí náà kí a má kó o jọ bí ẹni kó páálí mílíìkì. Bó bá gba pé ká dín aṣọ ẹgbẹ́ ọdún yìí kù, ẹ jẹ́ ká dín in kù. (A mọ̀ pé àwọn kan á bínú.)

Ìpàdé tó ń bọ̀ la ó ti sọ ọ́. Ẹni tó bá ń gba ínsúlìn, tàbí tó ní ọmọ tó ń gbà á, kó wá rí akọ̀wé ṣáájú ọjọ́ náà.