Dókítà Kíndìnrín Tó Gba Èdè Lẹ́nu Tíṣà

Nígbà tí Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Túnjí Aláúsá, kéde l'Abuja lóṣù kọkànlá ọdún 2025 pé ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé ìlànà fífi èdè abínibí kọ́ ọmọ pírámárì, ariwo àṣà ló gba ìlú kan. Wọ́n ní èdè ń kú lọ, ìṣe ń parẹ́. Ẹjọ́ yẹn kò ṣaláìní agbẹjọ́rò. Èyí tí kò rí ẹni bá a sọ̀rọ̀ ni ti ara èèyàn: ọkàn, ẹ̀dọ̀, ìfun àti kíndìnrín. Ohun tó sì mú ọ̀rọ̀ náà yani lẹ́nu ni pé dókítà kíndìnrín ni mínísítà fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ tó kọ́ nìyẹn, òun ló sì fi ń jẹun l'Amẹ́ríkà kó tó bọ́ sídìí òṣèlú.

Kí ìjọba tó gbé ìlànà náà kalẹ̀ rárá, ẹnì kan ti wà tó ń fi Yorùbá ṣàlàyé ara fún aráàlú. Inú bọ́ọ̀sì ló ń dúró sí. Á kọ́kọ́ gbàdúrà fún dẹ́rẹ́bà àti èrò, lẹ́yìn náà á yọ ìgò jáde. Á ní ìdọ̀tí ti dí kíndìnrín gbogbo wọn pa, pé ẹni tó bá ti lé lógójì ọdún tí kò tíì fọ kíndìnrín rẹ̀ ń fi ikú ṣeré. Ìgò kan náà yìí ló ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ẹ̀yìn dídùn, ibà, àtọ̀sí, ojú tó ń ṣe bàìbàì àti ọ̀ràn inú yàrá. Yorùbá rẹ̀ já gaara, àwàdà rẹ̀ dùn, kò sì sí ìbéèrè tí kò ní ìdáhùn sí. Kí ọkọ̀ tó dé ibi tó ń lọ, àwọn kan ti fi owó oúnjẹ ra ìgò.

Ọkùnrin yìí gan-an ni tíṣà tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ní lórí ọ̀rọ̀ ara wọn.

Kì í sọ fún wọn pé iṣẹ́ fífọ̀ gan-an ni kíndìnrín ń ṣe látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Méjì ni wọ́n, lápá ẹ̀yìn, lábẹ́ egungun ìhà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tó ìkúùkù. Asẹ́ tíntìntín tó tó mílíọ̀nù kan ló wà nínú ẹyọ kan. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọ́n ń sẹ́ lásẹ̀túnsẹ̀, débi pé omi tí wọ́n ń sẹ́ láàárín ọjọ́ kan ń lọ sí nǹkan bíi lítà 180. Wọ́n á dá èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ padà sára, ìwọ̀nba lítà kan sí méjì ni yóò jáde bí ìtọ̀. Àwọn náà ló ń bá ara ṣọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ru sí. Àwọn ló tún ń ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn inú egungun pé kó pèsè ẹ̀jẹ̀ tuntun. Ìdí nìyẹn tí ojú ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń kú lọ fi ń funfun, tí kò fi lè gun àtẹ̀gùn mí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ á máa ra oògùn ẹ̀jẹ̀ kiri, kò ní mọ̀ pé ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń gbàṣẹ ló bàjẹ́.

Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ló wà níwájú nínú ohun tó ń ba kíndìnrín jẹ́, àwọn méjèèjì kì í sì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀. Kí ẹsẹ̀ tó wú, asẹ́ tó pọ̀ ti kú. Nínú ilé tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ èyí, wọ́n á ní aláìsàn tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ ní oríta, wọ́n á sì gbé e lọ sílé babaláwo tàbí orí òkè àdúrà. Ìtọ̀ díẹ̀ nínú ike àti ẹ̀rọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá ì bá ti sọ òótọ́ fún wọn lọ́dún bíi mélòó kan ṣáájú.

Ilé ìwé ń kọ́ ọmọ ní nǹkan kan, ká má purọ́. Ọmọ Pírámárì Karùn-ún lè ya kíndìnrín, kó fa ilà sí i, kó kọ orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, kó gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Àmọ́ ní kó ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀ àgbà ìdí tí kò fi yẹ kó dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró nítorí pé ara rẹ̀ ti yá. Ọmọ á dákẹ́. Máàkì wà nínú ìwé rẹ̀, ìmọ̀ náà ò bá a délé. Ilé tí ìmọ̀ yẹn kò dé ni oníṣòwò inú bọ́ọ̀sì ń bá sọ̀rọ̀, nítorí òun nìkan ló gbọ́ èdè wọn.

Kí wá ni mínísítà rí lọ́bẹ̀ tó fi wa irú ọwọ́ yìí? Ó ní àwọn agbègbè tó ń lo èdè abínibí jù ni wọ́n ti ń fìdí rẹmi nínú WAEC, NECO àti JAMB. Ó dáa. Oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ìjọba Buhari kéde ìlànà yìí. Ọmọ tó wọ Pírámárì Kìíní lọ́dún náà kò tíì kọjá Pírámárì Kẹrin nígbà tí mínísítà ń sọ̀rọ̀; WAEC rẹ̀ ṣì ku ọdún bíi mẹ́jọ. Ọmọ ọ̀hún lágbára o! Kò tíì mọ ibi tí wọ́n ti ń ra fọ́ọ̀mù, ó ti fìdí rẹmi. Bó bá sì jẹ́ ìlànà àtijọ́ ti 1977 ni wọ́n ń bá wí, ìbẹ̀rẹ̀ pírámárì nìkan nìyẹn fọwọ́ sí, ilé ìwé tó tẹ̀ lé e délẹ̀ kò sì wọ́pọ̀.

Ibi tí wọ́n ti fi èdè abínibí kọ́ ọmọ délẹ̀ wà, ó sì ní àkọsílẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan nílé ìwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ àwùjọ láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀, tíṣà tó mọ̀ ọ́n dáadáa ló sì ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, títí kan Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ní yóò bàjẹ́. Fáfúnwá jókòó sórí àga mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kan náà yìí ní 1990. Ṣé kò fi fáìlì kankan sílẹ̀ ni?

Àwọn kan á ní Yorùbá ò ní ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì. Kí wọ́n lọ bi alápatà, tó ń dárúkọ fùkù, ẹ̀dọ̀, ṣàkì, àbọ̀dì àti òróòro kó tó nu ọ̀bẹ rẹ̀. Àwọn kan á ní èdè ti pọ̀ jù ní Nàìjíríà. Ìyẹn ò ṣe ọmọ Ṣakí ní nǹkan kan. Àwọn mìíràn á ní Èkó ti dàpọ̀. Kí Èkó ṣe bó ṣe bá a mu, Ìkìrun kì í ṣe Èkó.

Nígbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kíndìnrín la bọ́ sí, ó yẹ kí wọ́n yanjú ti owó pẹ̀lú. Ní 2025 ìjọba àpapọ̀ dín owó ẹ̀rọ tó ń bá aláìsàn sẹ́ ẹ̀jẹ̀ kù láti ₦50,000 sí ₦12,000 láwọn ilé ìwòsàn ìjọba kan. Wọ́n pàtẹ́wọ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti kú nílò rẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejìlá lóṣù jẹ́ ₦144,000. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí láti 2024 ni ₦70,000. Kí òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lọ jí ìyókù ni? Ìjọba tó ń san ẹ̀dínwó lórí ẹ̀rọ, tó sì ń fi ẹ̀kọ́ tó lè dín àwọn tó nílò ẹ̀rọ kù du aráàlú, ń náwó síbi tó ti pẹ́ jù.

Ìpínlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi Abuja kẹ́wọ́. Èkó ṣòfin tirẹ̀ ní 2018 tó sọ kíkọ́ èdè Yorùbá di dandan nílé ìwé, ọ̀run kò sì wó. Kí àwọn gómìnà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá ní kí kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́ àti ti ìlera wọn jọ jókòó, kí wọ́n tẹ ìwé sáyẹ́ǹsì Yorùbá fún Pírámárì Kẹrin sí Ìkẹfà, tó ṣàlàyé bí ọkàn ṣe ń ti ẹ̀jẹ̀, bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń ṣe sí oògùn àti ọtí, àti bí kíndìnrín ṣe ń sẹ́. Kí nọ́ọ̀sì ìjọba ìbílẹ̀ gbé ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru wá sípàdé òbí ní sáà kọ̀ọ̀kan, kó bá wọn yẹ ìtọ̀ wò. Kí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò náà yọ̀ǹda ìṣẹ́jú márùn-ún nínú àkókò tí wọ́n ń tà fún àwọn olóògùn, kí dókítà fi Yorùbá sọ̀rọ̀ níbẹ̀.