Ilé Ìwòsàn Yunifásítì Kì Í Ṣe Ilé Ẹjọ́

Gbogbo ènìyàn ni ó ń ké pé àwọn ọmọ yunifásítì wa ti bàjẹ́. Wọ́n ní wọ́n ń mu igbó, wọ́n ń gbé tramadol mì, wọ́n ń bu oògùn ikọ́ oní-codeine mọ́ ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n sì ń bá ara wọn lò pọ̀ láìbojú wẹ̀yìn. A kò jiyàn pé nǹkan wọ̀nyí ń ṣẹlẹ̀. Ohun tí a fẹ́ bi àwọn aláṣẹ ni èyí: nígbà tí ọmọ bá ti kó sínú ewu tán, ọ̀dọ̀ ta ni ó lè sá lọ láìbẹ̀rù?

Ìwádìí tí a gbé jáde ní oṣù kìíní ọdún 2019 fi hàn pé, láàárín ọdún kan, ènìyàn bí mílíọ̀nù 14.3 láti ẹni ọdún 15 títí dé ẹni ọdún 64 ni ó lo oògùn olóró tàbí tí ó ṣi oògùn lò ní Nàìjíríà. A kò ka ọtí àti tábà mọ́ ọn. Ọ̀kan nínú mẹ́rin wọn jẹ́ obìnrin. Ṣùgbọ́n ní ti oògùn ikọ́, obìnrin fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ọkùnrin dọ́gba. Ní ti kòkòrò HIV, ìwádìí ọdún 2018 fi hàn pé, láàárín ẹni ọdún 15 sí 49, obìnrin 1.9 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ní in, nígbà tí ti ọkùnrin jẹ́ 0.9. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọkùnrin nìkan ni. Ọmọkùnrin a máa fi tirẹ̀ ṣe akin láàárín ẹgbẹ́. Ọmọbìnrin a máa fi tirẹ̀ pamọ́ sínú yàrá.

Ìfarapamọ́ yìí gan-an ni ó ń pani. Ẹni tí ó bá da tramadol tàbí codeine pọ̀ mọ́ ọtí, èémí rẹ̀ lè máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dá. Àwọn oníṣègùn ní oògùn tí ń jẹ́ naloxone, tí ó lè dá èémí náà padà bí a bá tètè gbé aláìsàn dé. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ tí ẹ̀rù ìgbìmọ̀ ìbáwí ń bà lè dúró máa da omi lé e lórí, kí wọ́n máa rọ epo pupa sí i lẹ́nu, títí ẹ̀pa kò fi ní bóró mọ́. Bákan náà, oògùn wà tí ó lè dènà HIV fún ẹni tí ó bá ní ìbálòpọ̀ eléwu, tàbí fún ọmọbìnrin tí a fipá bá lò pọ̀, bí a bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí 72. Ìtìjú lè jẹ wákàtí náà tán.

Àwọn kan yóò wí pé bí a kò bá lé irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, ìwà ibi ni a ń fún láyè. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń ta oògùn olóró nínú ọgbà yunifásítì, kí òfin gbá a mú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá gba ìwòsàn, aláìsàn ni. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2018, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ oní-codeine àti kíkó o wọ̀lú. Ó dára bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, òfin kò lè wo ẹni tí oògùn ti di bárakú fún. Ní ọdún 1954, ní Aro lẹ́bàá Abẹ́òkúta, Dókítà Adéoyè Lámbò jẹ́ kí àwọn alárùn ọpọlọ máa gbé láàárín abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, kí wọ́n sì máa gba ìtọ́jú. Ọkùnrin yìí kan náà ni ó di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn lẹ́yìn náà. Àwọn yunifásítì wa kò ní láti rìn jìnnà kí wọ́n tó rí àwòkọ́ṣe.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Kí ìgbìmọ̀ àgbà yunifásítì kọ̀ọ̀kan ṣe òfin pé a kò ní jẹ ẹni tí ó wá gba ìwòsàn níyà, bẹ́ẹ̀ ni a kò ní jẹ ẹni tí ó gbé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá níyà. Kí ìwé aláìsàn má ṣe dé ọwọ́ ìgbìmọ̀ ìbáwí, nítorí Òfin Ìlera ti ọdún 2014 ti pàṣẹ pé àṣírí aláìsàn gbọdọ̀ wà ní bíbò. Bí a bá sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ tàbí ìtọ̀ ọmọ wò nítorí oògùn, kí ìtọ́jú ni a ó tẹ̀ lé e, kì í ṣe ìwé ìlélọ.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀dọ̀ yín ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ń wá. Ẹ bá tọkùnrin tobìnrin wọn sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó fi ọ̀dọ̀ yín sílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 1955 yangàn, ẹ má ṣe máa fi ọtí fa ojú àwọn ọmọ ilé ìwé mọ́ra nígbà ìbò, kí ẹ sì tún máa bú wọn ní ọ̀mùtí nígbà tí ìbò bá kọjá. Ẹ bi olùdíje yín léèrè iye tí yóò ná sórí ilé ìwòsàn yunifásítì.

Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì yunifásítì wa ti ṣiṣẹ́ tó. Ó tó àkókò kí ọwọ́ ọ̀tún wọn ṣe tirẹ̀.