Ẹ Ṣírò Omi Ọ̀tà Kí Ẹ Tó Gbẹ́ Gọ́tà Mìíràn

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò gbà fún un. Ní Ṣàngó-Ọ̀tà, ó jọ pé àwọn onílé ti gbà fún un. Ọdọọdún ni omi ń gba ojú títì, tí ó ń wọ ṣọ́ọ̀bù, tí ó sì ń gbé ẹrẹ̀ dúdú láti ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́ wá sí ẹnu ọ̀nà ẹni ẹlẹ́ni. Bí omi bá fà tán, wọn a gbé iṣẹ́ gọ́tà fún agbaṣẹ́ṣe, wọn a ya fọ́tò, gọ́tà a parí síbi tí owó parí sí, omi a sì wá ilé ẹlòmíràn lọ. Ohun kan ṣoṣo ni mo ní láti sọ: kò yẹ kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn tàbí ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà tún ná kọ́bọ̀ sórí gọ́tà tuntun ní agbègbè yìí láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ ṣírò omi rẹ̀, kí wọ́n sì fi ìṣirò náà han aráàlú.

Ẹ jẹ́ kí á mú pulọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan, ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú, 120 ní gígùn. Bí òjò mìlímítà 50 bá rọ̀ sórí rẹ̀, èyí tí kì í ṣe àjèjì lọ́dọ̀ wa nígbà òjò, omi tí ó bọ́ sórí pulọ́ọ̀tì kan yẹn lé ní lítà 33,000. Ọkọ̀ táńkà epo ńlá kan nìyẹn. Nígbà tí ibẹ̀ jẹ́ oko ẹ̀gẹ́, ilẹ̀ ń mu púpọ̀ nínú omi náà. Nísinsìnyí tí òrùlé páànù, kọnkéré àti íńtálọ́ọ̀kì ti bo ilẹ̀, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni yóò ṣàn jáde. Àdúgbò tí ó ní ọgọ́rùn-ún pulọ́ọ̀tì, bí ẹni tú ọgọ́rùn-ún táńkà sójú ọ̀nà kan náà ni. Ta ni ó ka àwọn táńkà wọ̀nyí kí ó tó pàṣẹ pé kí gọ́tà fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì?

Bí ó bá jẹ́ òjò nìkan ni, à bá ní ó dára. Ọ̀tà kò ní páìpù abẹ́ ilẹ̀ tí ń kó omi ìdọ̀tí gbogbo ìlú lọ sí ibi tí wọn yóò ti sọ ọ́ di mímọ́. Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 526,565 ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ pé ìlú ti kún ju bẹ́ẹ̀ lọ láti ìgbà náà. Ṣọ́káwéè ni ilé kọ̀ọ̀kan gbẹ́, kànga sì wà nítòsí rẹ̀ nínú ọgbà kan náà. Omi ìwẹ̀ àti omi ìfọṣọ ń lọ sínú gọ́tà, omi ilé-iṣẹ́ ń lọ síbẹ̀, omi ilé-ìpẹran náà kò sì gbẹ́yìn. Gbogbo rẹ̀ ló ń wá odò lọ. Ní ọdún 2008, ìwádìí jáde lórí ohun tí ìdọ̀tí ilé-ìpẹran ń ṣe sí odò Illo ní Ọ̀tà. Àwọn onímọ̀ sì ti ṣe iṣẹ́ lórí odò Atuwara pẹ̀lú. Nítorí náà, nígbà tí gọ́tà bá kún ní Ṣàngó, ẹ má ṣe pe ohun tí ó wọlé ní omi òjò. Ìgbẹ́, oró àti ọ̀rá ni òjò gbé wá. Àrùn onígbáméjì tí ó jà ní Èkó ní ọdún 2024, irú omi bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà rẹ̀, Èkó kò sì ju ẹ̀yìnkùlé wa lọ.

Báwo ni a ṣe ń ṣírò omi ìlú? Àwọn ẹnjiníà ń pe ohun tí wọ́n ń ṣe ní àwòṣe ìṣàn omi: ìlú ni wọ́n fi nọ́ńbà yà sínú kọ̀ǹpútà. Wọn a wọn bí ilẹ̀ ṣe ga tó níbi kọ̀ọ̀kan, ibi tí omi ti ń bọ̀ àti ibi tí ó ń lọ. Wọn a kọ bí gọ́tà àti páìpù kọ̀ọ̀kan ṣe fẹ̀ tó, bí ó ṣe dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó, bóyá inú rẹ̀ dán tàbí ó rí ṣákaṣàka. Wọn a fi iye omi tí ilé àti ilé-iṣẹ́ ń tú jáde kún un, àti wákàtí tí wọ́n ń tú u. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò rọ òjò sórí ìlú inú kọ̀ǹpútà yìí, kí wọ́n lè rí ibi tí omi yóò ti kọ́kọ́ bú jáde kí ó tó ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn ẹlẹ́ran ara. Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Láti ọdún 1889 ni Robert Manning, ẹnjiníà ará Áyálándì, ti gbé ìṣirò kan jáde lórí bí omi ṣe ń yára nínú kòtò. Láti ọdún 1971 ni Amẹ́ríkà sì ti ní ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní SWMM fún iṣẹ́ yìí. Àjọ ìjọba wọn tí ń bójútó àyíká ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé.

Àǹfààní ìṣirò ni pé ó máa ń tú àṣírí ohun tí ojú lásán kò rí. Bí a bá sọ fífẹ̀ páìpù di ìlọ́po méjì, omi tí ó lè gbé yóò ju ìlọ́po mẹ́fà lọ. Ẹ wá wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ bí a bá gbẹ́ gọ́tà ńlá lókè, tí a sì fà á dé ẹnu kọ́bátì kékeré kan nísàlẹ̀. Omi tí ó ti máa ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ yóò sáré dé ẹnu ibi híhá náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ilé tí omi kò wọ̀ rí yóò sì di adágún. Owó ìlú ni a fi ra omíyalé yẹn fún onílé.

Àwọn kan yóò ní aráàlú ló ń da pàǹtírí sí gọ́tà. Òótọ́ ni, kò sì dára. Ṣùgbọ́n gọ́tà tí ó kéré ju omi rẹ̀ lọ yóò kún àkúnya bí a tilẹ̀ gbá a mọ́ bí àwo oúnjẹ. Àwòṣe ni yóò sọ èyí tí ó kéré àti èyí tí pàǹtírí dí, kí á má baà fi ètè sílẹ̀ máa pa làpálàpá. Àwọn mìíràn yóò ní kò sí owó. Ètò kọ̀ǹpútà náà ọ̀fẹ́ ni, Yunifásítì Covenant àti Yunifásítì Ìmọ̀-Ẹ̀rọ Bells sì wà nínú Ọ̀tà gan-an. Ohun tí yóò ná wa lówó ni wíwọn ilẹ̀, wíwọn òjò àti wíwọn omi inú gọ́tà, a kò sì gbọdọ̀ fo èyí. Ẹni tí ó bá fi irọ́ bọ́ kọ̀ǹpútà, irọ́ ni yóò kó nílé. Àwòṣe tí a kò fi wé omi tí ó ṣàn ní tòótọ́, lẹ́ẹ̀rùn àti lójò, kò sàn ju babaláwo tí kò dá Ifá tí ó sì ń kì í lọ.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ìbàdàn ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí pẹ̀lú ẹ̀mí ènìyàn. Ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, odò Ògùnpa pa ènìyàn tí ó lé ní igba. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹjọ, ọdún 2011, omi tún gbé ènìyàn tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún lọ. Ìgbà yẹn tó kọjá ni Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí owó 200 mílíọ̀nù dọ́là ní ọdún 2014 fún iṣẹ́ omíyalé Ìbàdàn, tí ètò gbogboogbò fún ojú àgbàrá ìlú sì wà nínú rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ó lé láàárín òkú àkọ́kọ́ àti ètò náà. Ṣé Ọ̀tà náà gbọ́dọ̀ ka òkú tirẹ̀ kí ó tó ka omi ni?

Ohun mẹ́ta ni kí a béèrè. Èkíní, kí ìjọba wọn gbogbo gọ́tà, kọ́bátì àti ojú odò láti Ṣàngó dé Ìyànà Ìyèsí, kí ó sì gbé àwòrán rẹ̀ síta. Èkejì, kí àjọ OGEPA ti ìpínlẹ̀ àti àjọ NESREA ti ìjọba àpapọ̀ jẹ́ kí á mọ iye omi tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń tú jáde lójúmọ́, wákàtí tí ó ń tú u, àti inú gọ́tà tí ó ń tú u sí. Ẹ̀kẹta, kí ẹnikẹ́ni má ṣe buwọ́ lu iṣẹ́ gọ́tà tí kò ní ìwé tí ó sọ ibi tí omi náà ń lọ, àti orúkọ àdúgbò tí yóò gbà á lálejò.

Ẹni tí ó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù, bí òwe ti wí. Ní Ọ̀tà, ẹni tí ó wà lókè ló ń da omi, ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́. Bí olóṣèlú kan bá tún gbé ṣọ́bìrì wá sí àdúgbò yín láti ṣí iṣẹ́ gọ́tà, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹ bi í pé: ìṣirò dà?